Ta ló pa Gridlestone? Àlàyé lórí fíìmù Within Our Gates

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wo Within Our Gates tán sábà máa ń fẹ́ dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, torí kò dá a lójú pé ohun tó wò yé e. Fíìmù ọdún 1920 ni, kò ní ohùn, kò sì gùn ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìtàn ìfẹ́: ọ̀dọ́bìnrin kan ń dúró de àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ìbátan rẹ̀ ń jowú, owú sì ba nǹkan jẹ́. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti di ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí kò rówó ná. Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, ó di ọ̀rọ̀ okùn àti iná, tí ogunlọ́gọ̀ òyìnbó ń dọdẹ ìdílé kan nínú igbó. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n wá fi ìgbéyàwó kádìí rẹ̀. Kí ló da àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀?

Lójú tèmi, ìwé ìṣirò kan ni. Kì í pẹ́ lójú àwòrán, ẹni tó bá ń tẹ fóònù lọ́wọ́ kò ní rí i rárá. Bẹ́ẹ̀ ìdí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn náà ti ṣẹ̀, ẹni tó bá di ìwé náà mú kò ní ṣìnà mọ́.

Oscar Micheaux ló ṣe fíìmù yìí. Wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Illinois, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní 1884, ọmọ ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ń gbé ẹrù èrò, ó ń tẹ́ ibùsùn fún wọn. Lẹ́yìn náà ó gba ilẹ̀ oko ní South Dakota, níbi tó jẹ́ pé òyìnbó ló yí i ká. Oko kò ṣẹnuure, ló bá kọ ìwé, ó sì ń gbé ìwé náà kiri láti ojúlé dé ojúlé, ó ń tà á fúnra rẹ̀. Ní 1919 ó bọ́ sínú iṣẹ́ fíìmù. Within Our Gates ni fíìmù rẹ̀ kejì. Ti àkọ́kọ́ ti sọnù pátápátá, èyí ló fi jẹ́ pé nínú gbogbo fíìmù gígùn tí aláwọ̀ dúdú darí ní Amẹ́ríkà, kò sí èyí tó ṣì wà nílẹ̀ lónìí tó dàgbà jù ú lọ. Ó lé ní 40 fíìmù tí Micheaux ṣe kó tó kú ní 1951, owó rẹ̀ kì í sì í tó. Ẹ máa rí i nínú èyí náà: iná kò pọ̀, yàrá kò tóbi, aṣọ kan náà ń yí láti ara dé ara.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àìlóhùn rẹ̀, torí ìyẹn náà ń da àwọn tí kò tíì wo irú rẹ̀ rí láàmú. Òṣèré á la ẹnu, á sọ̀rọ̀, ìwọ kò ní gbọ́. Tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe pàtàkì, wọ́n á gbé kádì kan sójú àwòrán tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, ẹ ó kà á, àwòrán á tún máa lọ. Kádì yẹn ló ń sọ orúkọ èèyàn, ló ń sọ pé ọjọ́ ti pẹ́, òun náà ni ẹnu akọ̀tàn. Ní ti ilé sinimá fúnra rẹ̀, ariwo kún ibẹ̀ dáadáa. Ní Vendome, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi fíìmù yìí hàn ní Chicago ní oṣù kìíní 1920, ẹgbẹ́ olórin Erskine Tate ló ń lu orin níwájú òǹwòran. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Louis Armstrong wà lára àwọn tó ń fun kàkàkí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Orin tẹ́ ẹ bá gbọ́ nínú ẹ̀dà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ará òde òní ló fi sí i.

Bí ìtàn náà ṣe tò gan-an

Micheaux gbé ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn sí ìparí. Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Sylvia Landry, tí Evelyn Preer ṣe, kì í ṣe ọmọ bíbí inú ilé Landry. Wọ́n gbà á tọ́ ni. Tálákà paraku ni wọ́n, ilẹ̀ olówó kan tó ń jẹ́ Gridlestone ni wọ́n ń ro ní Gúúsù Amẹ́ríkà, àmọ́ Sylvia kàwé. Nígbà tó kàwé tán, òun ló ń bá bàbá rẹ̀ ṣe ìṣirò. Landry mú ìṣirò náà lọ bá Gridlestone, ọ̀rọ̀ di ìjà, ìbọn dún, Gridlestone kú. Wọ́n ní Landry ló pa á. Ogunlọ́gọ̀ pa Landry àti ìyàwó rẹ̀, ọmọkùnrin wọn kékeré, Emil, bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó fi ẹṣin sá lọ. Sylvia náà yè é lọ́nà tí a máa dé ibẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún, Sylvia di tíṣà. Ó wà lọ́dọ̀ Alma, ìbátan rẹ̀, ní Àríwá, ó ń retí Conrad tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ibí ni fíìmù ti ṣí. Alma náà fẹ́ràn Conrad, ó dẹ pańpẹ́, Conrad bá Sylvia níbi tó dà bí ẹni pé ó ń ṣe ìṣekúṣe, inú bí i, ó gba Brazil lọ. Sylvia padà sí Gúúsù, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú kan tí pásítọ̀ kan ń bójú tó. Àwọn ọmọ ń rọ́ wọlé, owó tí ìjọba ń yọ fún ẹ̀kọ́ ọmọ dúdú kò tó fi ra ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n nílò 5,000 dọ́là kí wọ́n má bàa ti ilẹ̀kùn. Sylvia tún wọkọ̀ lọ sí Àríwá láti wá a. Olè já báàgì rẹ̀ gbà, Dókítà Vivian bá a gbà á padà. Lọ́jọ́ mìíràn Sylvia sáré fa ọmọ kan kúrò lójú títì, mọ́tò gbá a, ẹni tó ni mọ́tò sì ni Elena Warwick, ìyá olówó tó lójú àánú. Bí Warwick ṣe gbọ́ ìdí tí Sylvia fi wá sí ìlú, ó ní òun máa fún un lówó.

Warwick ní ọ̀rẹ́ kan, Ìyáàfin Stratton, ọmọ Gúúsù. Ìyá yìí kò fẹ́ kí obìnrin dìbò, kí obìnrin dúdú má bàa dìbò. Ó sọ fún Warwick pé kí ló fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ṣe fáwọn èèyàn tí kò lè lóye rẹ̀. Kó kúkú fún Old Ned, oníwàásù dúdú kan, ní 100 dọ́là, torí òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń mú àwọn èèyàn rẹ̀ jókòó sáyè wọn. Lójijì fíìmù gbé wa lọ síwájú Old Ned. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n ṣi fíìmù mìíràn ni. Rárá o, Micheaux fẹ́ kẹ́ ẹ rí ohun tí 100 dọ́là ń rà. Ned ń wàásù pé kí òyìnbó máa lówó lọ, kó máa kàwé lọ, ọ̀run àpáàdì ni wọ́n ń lọ, ọ̀run rere ni ti dúdú. Lẹ́yìn náà ó lọ kí àwọn òyìnbó ńláńlá, wọ́n ta á nípàá nídìí, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ yí padà. Kádì tó tẹ̀ lé e ní ó mọ̀ pé òun ti tún ta ogún ìbí òun fún àsáró bíi ti Ísọ̀. Iṣẹ́jú díẹ̀ péré, kò sí oníwàásù náà nínú ìyókù fíìmù, bẹ́ẹ̀ lọ́kàn mi òun ni ẹni tí wọ́n ya ìwà rẹ̀ dáadáa jù lọ nínú gbogbo wọn.

Warwick gbọ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tán, inú bí i, ó sọ 5,000 dọ́là di 50,000. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ parí síbẹ̀. Dókítà Vivian ti fẹ́ràn Sylvia, ó lọ bá Alma, Alma wá tú àṣírí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìdílé Landry fún un. Nínú ẹnu Alma la ti rí ìwé ìṣirò, ìbọn àti okùn. Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ló wá kẹ́yìn.

Ìwé ìṣirò

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà fòpin sí oko ẹrú ní 1865, ilẹ̀ wà lọ́wọ́ òyìnbó, apá tó ń ṣiṣẹ́ wà lọ́wọ́ dúdú. Wọ́n dá ètò kan sílẹ̀: olóko á fún ìdílé kan ní ilẹ̀, ahéré, ìbaaka àti irúgbìn, ìdílé náà á gbin òwú, nígbà tí wọ́n bá kórè, wọ́n á pín in. Lórí ìwé, ó fara jọ ìṣákọ́lẹ̀. Lójú ayé, ìwọ̀fà tí kò ní ọjọ́ ìparí ni. Ìdí ni pé kí òwú tó jáde, ìdílé ní láti jẹun, ìyẹ̀fun àgbàdo, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, bàtà, oògùn. Ṣọ́ọ̀bù olóko fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń rà á láwìn, iye tó bá wù ú ló ń dá lé e, òun náà ló sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí ìkórè bá parí, wọ́n á pè yín wá síwájú tábìlì. Olóko á ṣí ìwé, á wo iye òwú, á wo gbèsè, á ní: o kù díẹ̀ kó o san án tán, gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà máa dúpẹ́, á padà soko. Ẹni tó mọ̀wé kà náà máa dúpẹ́, torí pé láti sọ fún òyìnbó pé ìṣirò rẹ̀ kò tọ̀nà jẹ́ láti pè é ní onírọ́, èèyàn dúdú sì ti kú nítorí ohun tó kéré sí ìyẹn.

Ọmọ tó mọ ìṣirò ti dé sínú ilé Landry. Ewu ibẹ̀ nìyẹn. Efrem, ìránṣẹ́ Gridlestone, aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn, tó máa ń sọ pé ọ̀rẹ́ òyìnbó lòun, ló ń gbé òfófó ilé Landry lọ fún ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí Landry fi máa dé iwájú tábìlì pẹ̀lú ìwé tirẹ̀, inú ti ń bí Gridlestone sílẹ̀. Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀. Ẹ wo fèrèsé o, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè tó wà lókè yìí wà. Òyìnbó tálákà kan tí Gridlestone ti rẹ́ jẹ tí ó sì ti bú ló gbé ìbọn sójú fèrèsé. Òun ló pa á. Landry kàn wà níbẹ̀ ni.

Efrem tó ń yọjú kò rí fèrèsé tí ìbọn ti dún. Landry ló rí, tó dúró ti òkú. Efrem sáré já sígboro, ó ń pariwo.

Àwòrán ìpànìyàn náà tún padà wá lẹ́yìn èyí, ó sì yàtọ̀. Lótẹ̀ yìí Landry ti mutí yó, ojú rẹ̀ rí wúruwùru. Gridlestone di bàbá oníwà tútù tí wọ́n ṣàdédé kọlù. Àwọn tó kọ́kọ́ wò ó máa ń rò pé Micheaux ṣi ọwọ́, tàbí pé òṣèré ló gbàgbé bó ṣe ṣe é níṣàájú. Ohun tí ìwé ìròyìn àwọn òyìnbó kọ la ń wò. Micheaux kò bá wọn jiyàn. Ó kan gbé irọ́ náà sójú sinimá bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹ ṣì rántí èyí tẹ́ ẹ rí. Fún fíìmù ọdún 1920, iṣẹ́ ọpọlọ gidi nìyẹn.

Efrem náà kò sì pẹ́ láyé. Àwọn tó ń dọdẹ Landry kò tètè rí i, ọwọ́ wọn ń yún, Efrem dúró láàárín wọn, ó ń fọ́nnu pé àwọn jọ ń ṣe é ni. Bí wọ́n ṣe ń wò ó, ìbẹ̀rù dé sí i, ó rí àwòrán ara rẹ̀ lọ́kàn, níbi tó ti ń fì lórí okùn. Wọ́n yẹgi fún un. Ìwé ìròyìn wá kọ ọ́ pé jàǹbá ló pa á, lọ́wọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní lynching?

Lynching ni kí ogunlọ́gọ̀ pa èèyàn láìsí ìdájọ́ kóòtù. Gbólóhùn yẹn, “lọ́wọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀,” kì í ṣe àwàdà Micheaux. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ikú máa ń kọ gan-an nìyẹn ní Gúúsù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó pànìyàn ti dúró ya fọ́tò lábẹ́ òkú, tí ojú olúkúlùkù hàn kedere. Wọ́n ń tẹ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sórí káàdì, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹbí. Nígbà mìíràn, àwọn ìwé ìròyìn ti kéde ibi tó máa wáyé ṣáájú. Bàbá gbé ọmọ sí èjìká wá wò ó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú ogunlọ́gọ̀ tí Micheaux fi hàn, obìnrin wà níbẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìdájọ́ ìgboro ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó ń ka èyí ní Èkó tàbí Ìbàdàn, táyà àti epo bẹntiróòlù. Àwọn méjèèjì jọra ní ti pé kò sí adájọ́. Àmọ́ ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹ̀yà kan ló ń fi pa ẹ̀yà kejì, pẹ̀lú ọlọ́pàá tó ń wòran àti kóòtù tí kò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, fún ọgọ́ta ọdún ó lé. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Tuskegee ní Alabama, tó ń ka àwọn tó kú, ka 4,743 láàárín 1882 sí 1968. 3,446 nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìwọ̀nba tí ìròyìn wọn dé etí nìyẹn.

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ òyìnbó Gúúsù nígbà yẹn ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, ìdáhùn kan ló máa ń wá: ọkùnrin dúdú ń fipá bá obìnrin wa lò. Akọ̀ròyìn Ida B. Wells ló kọ́kọ́ tú irọ́ yẹn wò pẹ̀lú ẹ̀rí. Ní 1892, ní ìlú Memphis, wọ́n pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ Thomas Moss àti àwọn méjì mìíràn. Ọ̀rọ̀ obìnrin kò sí níbẹ̀ rárá. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ wọn ló ń gba oníbàárà lọ́wọ́ òyìnbó tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí. Wells wádìí ikú lórí ikú, ó kọ ọ́ jáde, wọ́n ba ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ jẹ́, kò lè padà sí Memphis mọ́, ó sì wá fi Chicago ṣe ibùgbé.

Ọ̀rọ̀ owó náà ló wà nínú ìwé Landry. Ẹ sì má rò pé Micheaux kàn ronú kan án. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án 1919, ní Elaine, ìpínlẹ̀ Arkansas, àwọn àgbẹ̀ dúdú kóra jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan lóru láti jíròrò bí wọ́n ṣe máa gba owó òwú wọn bó ṣe tọ́. Ìbọn dún, òyìnbó kan kú, lẹ́yìn náà àwọn òyìnbó láti àgbègbè gbogbo àti àwọn sójà ya lu wọ́n, wọ́n sì pa dúdú lọ bí ẹran. Nígbà tí kóòtù jókòó, dúdú 12 ni wọ́n dájọ́ ikú fún. Òyìnbó kankan kò fojú ba kóòtù. Wọ́n kò padà pa àwọn 12 náà, torí pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá sí i ní 1923. Oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ péré lẹ́yìn Elaine ni fíìmù yìí dé Vendome.

Èsì sí fíìmù mìíràn

Ní 1915, D. W. Griffith ti gbé The Birth of a Nation jáde. Nínú rẹ̀, àwọn òyìnbó tó kun ojú wọn dúdú ń lé ọmọbìnrin funfun kiri, àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó abòjú tó ń dún mọ̀huru-mọ̀huru mọ́ àwọn dúdú, wá gun ẹṣin dé bí akọni, wọ́n sì gbà á sílẹ̀. Wọ́n fi í han Ààrẹ Woodrow Wilson nínú ilé ìjọba. Ọdún yẹn náà ni Klan tó ti kú tún jí dìde, lórí òkè Stone Mountain ní Georgia.

Ohun tó gbé Griffith ga lójú àwọn tó mọ iṣẹ́ fíìmù ni ọgbọ́n kan: ó máa ń gé láti ibì kan sí ibòmíràn, ọmọbìnrin nínú ewu, àwọn ẹlẹ́ṣin lójú ọ̀nà, ọmọbìnrin, ẹlẹ́ṣin, títí ọkàn òǹwòran á fi fẹ́ jáde. Micheaux gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yí ojú rẹ̀ padà. Níta, okùn wà lọ́rùn bàbá àti ìyá, iná ń jó. Ó gé. Nínú ilé, arákùnrin Gridlestone ti há Sylvia mọ́ yàrá, ó ń fà á láṣọ ya. Ó gé padà síta. Nínú tirẹ̀, kò sí ẹlẹ́ṣin tó ń bọ̀ wá gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀, àwọn tó yẹ kí wọ́n gbà á ni wọ́n ń pa níta. Ẹni tó ń fipá bá obìnrin lò sì ni òyìnbó olówó. Ẹsẹ̀ kan náà ni ìtàn méjèèjì dúró lé, àmọ́ ti Micheaux ni àwọn òyìnbó ń sá fún láti wò.

Ẹnu ìjàkadì náà ni aṣọ Sylvia ti ya, tí àpá kan hàn láyà rẹ̀. Ọkùnrin náà rí àpá yẹn, ọwọ́ rẹ̀ rọ. Ọmọ rẹ̀ ni. Obìnrin dúdú kan ló bí i fún un, òun ló sì ń san owó ilé ẹ̀kọ́ Sylvia ní bòókẹ́lẹ́. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ àpá yìí ti dà bí àlọ́ jù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: owó tó rán Sylvia lọ sílé ẹ̀kọ́, tó fi mọ ìṣirò, tó fi kọ ìwé tí Landry mú lọ síwájú tábìlì, inú ilé Gridlestone kan náà ló ti jáde. Kádì kan sọ pé ọkùnrin náà gbé ìyá Sylvia níyàwó. Ní gbogbo ìpínlẹ̀ Gúúsù ìgbà náà, òfin kò gba dúdú àti funfun láyè láti fẹ́ ara wọn, nítorí náà gbólóhùn yẹn máa ń kọ àwọn onímọ̀ lóminú. Ẹ fi í sọ́kàn, a máa rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Bó ṣe rí ní Chicago

Ní ọjọ́ 27 oṣù keje 1919, ọmọkùnrin dúdú ọmọ ọdún 17 kan tó ń jẹ́ Eugene Williams ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún omi Michigan, ó gba apá ibi tí àwọn òyìnbó sọ di tiwọn. Wọ́n ń sọ òkúta lù ú, ó sì kú sómi. Ọlọ́pàá kọ̀, kò mú ẹni tó sọ òkúta. Ìjà bẹ́, ó gba ọ̀sẹ̀ kan: èèyàn 38 kú, dúdú 23, funfun 15. Oṣù mẹ́fà kò tíì pé lẹ́yìn rẹ̀ tí Micheaux gbé fíìmù tó ní lynching nínú lọ síwájú àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Chicago kan náà.

Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n tún un wò pẹ̀lú àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn èèyàn ńlá ìlú. Àwọn kan ní yóò dá ìjà sílẹ̀, tí pásítọ̀ wà lára wọn, dúdú àti funfun. Àwọn mìíràn ní ipò tí nǹkan wà nílùú ló mú kó yẹ kí àwọn èèyàn rí i. Ìkẹyìn ni wọ́n gbà á láyè lẹ́yìn tí wọ́n gé nínú rẹ̀. Láti ìlú dé ìlú, iye tí wọ́n ń gé yàtọ̀. Ní Louisiana àwọn ilé sinimá kan kò gbà á rárá. Èyí ló fi jẹ́ pé kò dájú pé ẹ̀dà méjì tí àwọn èèyàn wò lọ́dún yẹn jọ ara wọn.

Ìparí rẹ̀ máa ń bí àwọn òǹwòran òde òní nínú. Sylvia jókòó, ìbànújẹ́ sorí rẹ̀ kodò, Dókítà Vivian wá ń sọ fún un pé kó fi orílẹ̀-èdè wọn yangàn, kó rántí ohun tí àwọn ọmọ ogun dúdú ṣe ní Cuba lábẹ́ Roosevelt, ní Mexico, àti ní ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn okùn àti iná tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí tán? Mo gbà pé ó ṣòroó gbé mì. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó jókòó sí Vendome lọ́dún yẹn. Nǹkan bí 380,000 ọkùnrin dúdú ló wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, wọ́n sì ti pa lára wọn pẹ̀lú aṣọ sójà lọ́rùn. Ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Vivian nígbà náà ń gbọ́ ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀: gbèsè kan wà tí Amẹ́ríkà jẹ wá, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ìjọba ìgbà náà kò dá wọn lóhùn. Ní 1922 ilé ìgbìmọ̀ aṣojú fọwọ́ sí òfin tó fẹ́ sọ lynching di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, àwọn sẹ́nétọ̀ Gúúsù sì dè é mọ́lẹ̀. Oṣù kẹta 2022 ni irú òfin bẹ́ẹ̀ tó dé, wọ́n sì fi orúkọ Emmett Till, ọmọ dúdú ọdún 14 tí wọ́n pa ní Mississippi ní 1955, pè é.

Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tó rí fíìmù náà mọ́. Rọ́bà tí wọ́n ń lò fún fíìmù nígbà yẹn ń tètè gbaná, ó ń jẹrà, kò sì sí ẹni tó ń tọ́jú fíìmù aláwọ̀ dúdú. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n wá rí i pé ẹ̀dà kan wà ní ibi ìpamọ́ fíìmù ní Madrid, lórílẹ̀-èdè Spain, orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sì ni La Negra. Ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà gbà á, wọ́n sì ṣe àtúnṣe rẹ̀ parí ní 1993.

Nígbà tí wọ́n ń tà á ní Spain láyé àtijọ́, wọ́n ti yọ kádì Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ti èdè Spain rọ́pò. Kádì Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù. Scott Simmon ló tú àwọn ìyókù padà, ó yọ àlàyé tí wọ́n fi kún un fún àwọn ará Spain, ó sì ń wo bí Micheaux ṣe ń kọ̀wé nínú àwọn ìwé rẹ̀ kí ohùn náà lè jọ tirẹ̀. Apá kékeré kan láàárín fíìmù ti sọnù, kádì ni wọ́n fi dí i. Nítorí náà, nígbà tí kádì bá sọ pé ọkùnrin funfun náà gbé ìyá Sylvia níyàwó, a kò lè búra pé Micheaux ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tó tú u ní Spain ló fẹ́ kó bójú mu.

Àkókò ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí fíìmù náà ti kọjá, ọ̀fẹ́ lẹ fi máa rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá èyí tó jẹ́ ẹ̀dà ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, kì í ṣe àwọn tí wọ́n gé kékeré. Bí ẹ bá dé ibi tí Alma ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún Dókítà Vivian, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa wo fèrèsé.